Mario: èwo ló ṣọ̀wọ́n, èwo ló kàn gbówó lórí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin àgbà nídìí géèmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Mo gbọ́ pé wọ́n ta Super Mario 64 kan ní gbàǹjo lówó tó ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là lọ. Géèmù tí gbogbo ayé ní nílé nígbà náà! Kí ló wá wọ́n níbẹ̀? Bàbá mi fi kásẹ́ẹ̀tì Super Mario Bros. kan ti NES, ẹ̀rọ géèmù Nintendo àtijọ́, sílẹ̀ kí wọ́n tó dágbére fáyé. Kò ní páálí, kò ní ìwé, sítíkà rẹ̀ ti ń ṣí létí. Ṣé owó ńlá ni mo jókòó lé? Ẹ tún bá mi ya òótọ́ kúrò lára àhesọ nípa Minus World, ayé àṣírí tí wọ́n ní ó wà nínú Super Mario Bros., àti Luigi, arákùnrin Mario, tí wọ́n ní ó sá pamọ́ sínú Mario 64. Ohun tí mo ń gbọ́ ti pọ̀ jù.

* * *

Àbúrò, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ ire. Kí n tètè sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ ọ: owó ńlá kọ́ lo jókòó lé. Super Mario Bros. jáde ní Jàpáànù ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ó sì ti tà ju mílíọ̀nù 40 lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń bá ẹ̀rọ NES wá nínú páálí kan náà. Kásẹ́ẹ̀tì ìhòòhò rẹ̀ kún ibi gbogbo.

Mario 64 tó o gbọ́ yẹn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 12 tí wọ́n tà. Ẹni tó fowó yẹn sílẹ̀ kò ra géèmù. Ọ̀rá ló rà. Ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò já láti ìgbà tí wọ́n ti wé e, pẹ̀lú páálí tí igun rẹ̀ kò tẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n tà á, $1,560,000. Lọ́jọ́ méjì ṣáájú ni The Legend of Zelda kan gba $870,000. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, Super Mario Bros. tó wà nínú ọ̀rá gba $660,000, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ, òmíràn gba mílíọ̀nù 2 dọ́là. Lọ́dún 2019, $100,150 péré ni wọ́n fi ra ọ̀kan, a sì ń pariwo nígbà yẹn pé ayé ti bàjẹ́.

Èdè wa gan-an wà lára ohun tó ń tàn wá jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. "Ó wọ́n" là ń pe ohun tí a kò rí rà, "ó wọ́n" náà là ń pe ohun tí owó rẹ̀ ga. A wá ń rò pé ọ̀kan ni méjèèjì. Wọn kì í ṣe ọ̀kan.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn tó kù kọ. Àwọn kan ní wèrè ló ń fi mílíọ̀nù ra páálí. Àwọn kan ní kò yàtọ̀ sí kéèyàn ra àwòrán àwọn ọ̀gá ayàwòrán. Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní wèrè, ẹ ò tíì wo ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi í wé iṣẹ́ ọnà, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ ya ohun tí ẹ ń rà.

Ohun tí wọ́n ń wò nìyí. Super Mario Bros. àkọ́kọ́ tó wọ Amẹ́ríkà kò ní ọ̀rá lára rárá. Sítíkà kékeré kan ni wọ́n fi lẹ ìdérí páálí pa, ó tán. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀: ìṣẹ́jú mélòó ni sítíkà yẹn máa lò kó tó ya? Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá dé, àwọn páálí tó kọ́kọ́ wọ ọ̀rá sì ní páálí pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn tí wọ́n lè yọ jáde láti fi gbé e kọ́ sára ìṣó ní ìsọ̀. Tí pẹlẹbẹ yẹn bá wà, owó yí padà. Tí kò bá sí, owó tún yí padà.

Ti Super Mario Bros. 3 tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ọwọ́ òsì ni ọ̀rọ̀ "Bros." wà lójú páálí, ó sì gun ìbọ̀wọ́ Mario. Nígbà tó yá wọ́n sún un sí ọ̀tún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ẹnìkan san $156,000 nítorí tòsì. Ọ̀rọ̀ tó jókòó síbi tí kò yẹ!

* * *

Ẹnìkan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí èyí kì í bá ṣe ọ̀wọ́n, kí wá ni ọ̀wọ́n?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kà á.

Nintendo ṣe ìdíje ńlá kan káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún 1990, Nintendo World Championships. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi díje kò dé ọjà. 90 aláwọ̀ eérú ni wọ́n fún àwọn tó dé ìpele àṣekágbá, 26 aláwọ̀ wúrà sì jáde nínú ìdíje ìwé ìròyìn Nintendo Power. Géèmù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 21 sì ni gbogbo rẹ̀: kó owó ẹyọ 50 nínú Super Mario Bros., sá eré Rad Racer kan tán, kó o fi àkókò tó bá kù ṣe Tetris. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Wọ́n máa ń fi 10 sọ Rad Racer di púpọ̀, wọ́n á fi 25 sọ Tetris di púpọ̀, ti Mario kò ní ìlọ́po kankan. Ẹni tó bá ń ṣe fáàrí nídìí Mario ti pàdánù kí ó tó dé Tetris.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Ìyẹn kì í ṣe géèmù Mario." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Jàpáànù. Lọ́dún 1986, ètò rédíò kan tó ń jẹ́ All Night Nippon bá Nintendo ṣe Super Mario Bros. tirẹ̀ sórí dísíìkì Famicom, orúkọ tí wọ́n ń pe NES níbẹ̀. Wọ́n mú ojú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò náà, wọ́n fi rọ́pò àwọn ọ̀tá inú géèmù, wọ́n sì fi í ta àwọn olùgbọ́ lọ́rẹ nípa kèké ṣíṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi Game & Watch (ẹ̀rọ géèmù kékeré àfọwọ́mú) Super Mario Bros. aláwọ̀ ìyeyè ṣe ẹ̀bùn fún àwọn tó yege nínú ìdíje eré ọkọ̀ F1 orí Famicom. YM-901-S ni nọ́ńbà rẹ̀, 10,000 ni wọ́n ṣe. Inú àpótí rọ́bà tó ní àwòrán Diskun, ọmọ kékeré tí wọ́n fi ṣe àmì dísíìkì Famicom, ló wà. Géèmù inú rẹ̀ wà lọ́jà lára ẹ̀rọ míì. Ara ìyeyè yẹn ni owó ò lè rà nígbà náà.

Níbí ni èrò mi ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀. Iye tí wọ́n ṣe kọ́ ni kéèyàn kọ́kọ́ béèrè. Béèrè bí ó ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ohun téèyàn jẹ bí ẹ̀bùn ìdíje, á tọ́jú ẹ̀, á fi han àlejò. Páálí géèmù tí òbí rà ńkọ́? Ọmọ á fà á ya lójú ẹsẹ̀, wọn á gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ìdọ̀tí. Nítorí náà 10,000 ẹ̀bùn lè ṣẹ́kù dáadáa, kí páálí tó pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Ohun tí gbogbo wa sọ nù ni a wá ń fi owó ilé wá kiri báyìí. Èmi fúnra mi fi páálí Mario 64 mi ṣe ilé fún ológbò ìṣeré àbúrò mi. A gé ojú fèrèsé sí i pàápàá.

* * *

Ó yá, àwọn àṣírí.

Minus World: òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi pamọ́ síbẹ̀. Mo rí àwọn tó ní Miyamoto, ẹni tó dá Mario sílẹ̀, ló dọ́gbọ́n sí i. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i pé àṣìṣe ni. Ní ìparí ìpele 1-2 (ayé 1, ìpele 2), tó o bá dúró lórí páìpù ìjáde, tó o lóṣòó, tó o fò sẹ́yìn bó ṣe yẹ, Mario á wọ inú ògiri kọjá sí yàrá tí páìpù mẹ́ta wà. Géèmù kò tíì mọ̀ pé o ti débẹ̀, kò tíì kọ 4, 3 àti 2 sórí wọn. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò yẹn jẹ́ ti ìpele 4-2. Ní 4-2, páìpù kan ṣoṣo tó ń lọ sí ayé 5 ló wà láàárín, òfìfo ni ọ̀tún àti òsì. Àmì tí géèmù náà fi ń ya òfìfo ni nọ́ńbà 36. Wọ páìpù ọ̀tún tàbí tòsì, ó gbé ọ lọ sí ayé 36. Nígbà tó fẹ́ kọ 36 sókè, òfìfo ló yà, ìdí nìyẹn tí a fi rí "-1" láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Páìpù àárín á gbé ọ lọ sí ayé 5 láìṣe wàhálà. Ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ á rí i.

Inú omi ni -1, páìpù ìparí rẹ̀ sì ń dá ọ padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀ títí àkókò á fi tán. Ṣùgbọ́n lórí dísíìkì Famicom, àṣìṣe kan náà ń gbé ọ lọ sí ìpele mẹ́ta tó yàtọ̀, tó sì lópin. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló kọ́ ọ ni, kí ló dé tí yóò fi yàtọ̀ bẹ́ẹ̀? Ohun tó ṣèèṣì wà níbi tí géèmù náà nawọ́ sí ló yàtọ̀.

Àwọsánmọ̀ àti igbó ewéko: àwòrán kan náà ni, àwọ̀ ni wọ́n pa dà. Kílóbáìtì 40 ni gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà, kò sáyè fún ẹ̀ẹ̀mejì.

Bíríkì: èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ìwé ìtọ́ni géèmù àkọ́kọ́ sọ pé idán Bowser, olórí ọ̀tá Mario, sọ àwọn ará ìlú olú di òkúta, bíríkì àti koríko. Bíríkì tí gbogbo wa ń forí fọ́ láti kékeré! Mi ò rí ẹni tó sọ pé irọ́ ni, àfi àwọn tó ní kí n má bà á jẹ́ fún àwọn.

Luigi: lẹ́yìn ilé ńlá inú Mario 64, ère kan wà tí àkọlé rẹ̀ kò hàn dáadáa. Àwọn èèyàn ka "L is real 2401" sí i, ariwo sì sọ fún ogún ọdún. Àkọlé yẹn kò sọ nǹkan kan. Àwòrán rẹ̀ kan náà ló tún fara hàn nínú Ocarina of Time, géèmù Zelda kan. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2020, fáìlì àtijọ́ Nintendo jò síta, wọ́n sì bá àwọn ẹ̀yà ara Luigi nínú ohun tí wọ́n fi ń kọ́ Mario 64 lọ́wọ́. Àwọn tó gba àkọlé gbọ́ bá ka ọjọ́: Mario 64 jáde ní oṣù Kẹfà 1996, ọdún 24 àti oṣù 1 sí ìgbà tí fáìlì jò. 24-01. Kòńgẹ́ lásán ni, àmọ́ kòńgẹ́ náà dùn.

Orúkọ rẹ̀: nínú Donkey Kong, lọ́dún 1981, Jumpman ni wọ́n ń pè é, káfíńtà sì ni. Orúkọ Mario wá láti ọ̀dọ̀ Mario Segale, onílé ibi tí ẹ̀ka Nintendo ti Amẹ́ríkà ń kó ẹrù sí. Mario Bros. ti 1983 ló sọ ọ́ di púlọ́ńbà. Fìlà àti irunmú? Ojú rẹ̀ kéré jù láti ya ẹnu àti irun orí.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yà sọ́nà míì, ẹ jẹ́ kí n bá a lọ díẹ̀. Ẹnìkan dárúkọ géèmù Hotel Mario ti 1994 orí ẹ̀rọ Philips CD-i pé òun ní in, pé ṣé ọ̀wọ́n ni. Kì í ṣe ọ̀wọ́n, kò sì dára. Tọ́jú ẹ̀ fún ẹ̀rín.

Super Mario Bros. Special tí ilé iṣẹ́ Hudson ṣe lọ́dún 1986 fún kọ̀ǹpútà PC-8801 àti Sharp X1 ló yẹ ká máa sọ. Ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò lè sún ojú ìwòran bí Famicom, nítorí náà tó o bá dé etí, gbogbo rẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀kan, o sì lè bọ́ sínú kòtò tó ò rí.

Èyí tí mi ò lè fowó lé ni dísíìkì flọ́pì kan. Lọ́dún 1990, John Carmack, John Romero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn tó padà dá ilé iṣẹ́ géèmù id Software sílẹ̀, ṣe apá kan Super Mario Bros. 3 sórí PC, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Nintendo. Nintendo ní rárá. Wọ́n fi ọgbọ́n kan náà ṣe géèmù tiwọn, Commander Keen. Lọ́dún 2021, ẹ̀dà iṣẹ́ náà dé Strong National Museum of Play ní ìlú Rochester ní New York. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni, ilé àkójọ ló gbà á.

* * *

Pa dà sórí kásẹ́ẹ̀tì rẹ, àbúrò. Àwọn kan ti ń sọ fún ọ pé kó o fẹnu fẹ́ ẹ. Má ṣe bẹ́ẹ̀! Gbogbo wa la fẹnu fẹ́ ẹ, ó sì dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fífà á yọ àti títún un kì bọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Itọ́ rẹ kàn ń jẹ irin orí rẹ̀ ni. Iná NES tó ń ṣẹ́jú wá láti ibi ìkìbọ̀ tó ti rẹ̀: ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú NES tó ń yẹ kásẹ́ẹ̀tì wò bóyá ojúlówó ni, tí wọn kò bá gbúròó ara wọn, á máa tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láìdábọ̀. Òwú àti sípíríìtì díẹ̀ lórí irin yẹn ti tó.

Lẹ́yìn náà, yí i pa dà, ka skúrù ẹ̀yìn rẹ̀. Mẹ́ta, tí orí rẹ̀ nílò ìtúdè pàtàkì, ni ti àwọn tó pọ̀ jù. Márùn-ún, tí orí rẹ̀ gba ìtúdè lásán, ni ti àwọn tó pẹ́ jù. Kọ̀wé pa dà sí mi.

Ẹni tó ní òun fẹ́ ra Super Mario World lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, ẹ̀kọ́ mi nìyí. Mo ra ọ̀kan, sítíkà rẹ̀ ń dán ju bó ṣe yẹ lọ, mo ní bóyá ó kàn tọ́jú ẹ̀ ni. Ibi tí mo bá eré dé lọ́jọ́ Sátidé ti pòórá lọ́jọ́ Àìkú. Mo rò pé bátìrì ni, nítorí bátìrì ló ń pa ìrántí Super Mario World mọ́, kì í ṣe bíi Mario 64 tí kò nílò ọ̀kan. Mo tú u. Kò sí bátìrì níbẹ̀ rárá. Ìṣùpọ̀ dúdú kan bí ọ̀dà ló wà lórí pátákó tí kò lórúkọ. Ẹni tó tà á fún mi kò fèsì mọ́. Ẹ máa ní kí wọ́n ya inú rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Ẹnìkan bá mi jà pé títú kásẹ́ẹ̀tì máa ń dín owó rẹ̀ kù. Ti inú ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ni. Tìhòòhò, kò dín nǹkan kan. Ọ̀rá gan-an tún ní àyédèrú tirẹ̀: àwọn èèyàn ń ra páálí àtijọ́, wọ́n ń wé ọ̀rá tuntun mọ́ ọn. Wo ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ibi tí ọ̀rá ti pàdé lára ojúlówó ti NES máa ń rí bíi lẹ́tà H. Ó lè jẹ́ pé oníjìbìtì mọ ìyẹn náà báyìí.

* * *

ÌBÉÈRÈ (ó pa dà dé)

Ẹ̀gbọ́n, mo kà á. Skúrù márùn-ún! Ṣùgbọ́n bàbá mi fi bírò dúdú kọ orúkọ wọn sẹ́yìn ẹ̀. Ẹnìkan ní sípíríìtì á pa á rẹ́, pé orúkọ lára kásẹ́ẹ̀tì ń ba owó jẹ́. Ṣé kí n pa á rẹ́?

* * *

Márùn-ún! A jẹ́ pé bàbá tètè rà á. Ó fi díẹ̀ lé owó rẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Kò tíì sọ ọ́ di ohun tí wọn á gbé lọ sí gbàǹjo.

Òótọ́ lẹni yẹn sọ, sípíríìtì á pa á rẹ́, alákòójọ á sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n alákòójọ wo lo fẹ́ tà á fún? Kásẹ́ẹ̀tì bíi rẹ̀ wà ní mílíọ̀nù, èyí tó ní orúkọ yẹn lẹ́yìn jẹ́ ẹyọ kan. Super Mario Bros. kì í pa ìrántí mọ́, máàkì tí bàbá gbà ti lọ lọ́jọ́ tí wọ́n paná. Bírò yẹn nìkan ló kù lára rẹ̀. Fi òwú nu irin, fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ etí sítíkà tó ṣí, má fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.

Wá sọ fún wa bóyá ó tàn. Tó bá tàn, lọ sí òpin 1-2, lóṣòó, fò sẹ́yìn.